Akoto Bùsọ́lá

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni akoto bọ́ lórí Olúbùsọ́lá ní sáà yìí, ìgbà tí góòlù kù díẹ̀ kó wọlé ló sì máa ń bọ́. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún. N kì í tètè gba irú kòńgẹ́ bẹ́ẹ̀ gbọ́.

Iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà la jọ ń ṣe ní Thamesmead, ní Lọ́ńdọ̀nù. Èmi ni mo mú un wá sínú ẹgbẹ́ họ́kì orí yìnyín àwọn obìnrin tí mò ń bójú tó. Bàbá arúgbó kan ló fẹ́ sá jáde lọ́jọ́ kan. Òfin ní a kò gbọ́dọ̀ di àgbàlagbà mú, nítorí náà Bùsọ́lá kàn dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń yí síbi tí bàbá bá yí sí. Kò fọwọ́ kàn án, bàbá ò sì rí àyè kọjá. Mo ní aṣọ́lé tó máa bá wa ṣọ́ ilé góòlù rèé. Nígbà tí akoto bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́, ọjọ́ yẹn gan-an ni mo rántí: ẹni tó mọ bí a ṣe ń gba ẹ̀gbẹ́ òfin.

Bí akoto bá bọ́ lórí aṣọ́lé, rẹfirí á fọn fèrè, eré á dúró, góòlù tó bá wọlé lẹ́yìn fèrè ò sì ní kà; wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kí róbà líle tí wọ́n ń gbá má baà fọ́ ọ lójú. Bí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ bọ́ ọ, wọ́n á lé e kúrò nínú líìgì. Ta ló wá rí inú? Mo ń ṣọ́ ọ nínú ọkọ̀ ojú irin láti Abbey Wood, mo ń ṣọ́ ọ bó ṣe ń wọ bàtà. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, òun nìkan ló máa ń gbé akoto lọ sẹ́yìn ilé ìṣeré. Wọ́n ní olè ló ń mọ ẹsẹ̀ olè tọ̀ lórí àpáta, ṣùgbọ́n èmi pe tèmi ní ọgbọ́n àgbà.

Lọ́jọ́ àṣekágbá, mo tẹ̀lé e. Ó kúnlẹ̀ láìwọ bàtà, ó ń fi òróró àdúrà pa akoto, títí dé bẹ́líìtì àgbọ̀n.

“Kí lò ń ṣe?”

“Protection ni, Auntie Kàfí. Mummy mi ní kí n máa fi pa gbogbo ohun tó bá ń bo orí mi.”

Mo fa bẹ́líìtì náà. Ó yọ̀ kúrò lẹ́nu ìdè rẹ̀ bí ilá.

“Bùsọ́lá, òróró yìí ló ń tú u.”

Ó wò mí títí. “Ẹ ti ń rò pé mo ń cheat.”

“Mo rò bẹ́ẹ̀.” Ojú tì mí.

Ó mú tíṣù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu bẹ́líìtì náà. “Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ní báyìí mo ti mọ̀.”

Ó ku ìṣẹ́jú kan kí eré parí, a wà ní ọ̀mì, ọmọbìnrin kan nínú àwọn alátakò sì já wá sọ́dọ̀ rẹ̀ lóun nìkan. Mo tẹjú mọ́ àgbọ̀n Bùsọ́lá. Mo bẹ Ọlọ́run pé kí bẹ́líìtì yẹn tú. Kò tú. Góòlù wọlé.

Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń bọ̀, ọwọ́ méjèèjì ló fi fa akoto kó tó bọ́. Èmi tí mò ń ṣọ́ olè láti oṣù mẹ́ta, n kò lè wò ó lójú.