Asẹ́ Epo Tí Mo Kọ̀ Láti Pààrọ̀

Òórùn epo bẹntiróòlù àti ti irin gbígbóná ló máa ń kọ́kọ́ pàdé ènìyàn lábẹ́ igi ọ̀dán tí fítà àgbà kan ti ń tún ọkọ̀ ṣe ní Ìkìrun. Ibẹ̀ ni mo gbé ọkọ̀ mi lọ nígbà tó ku bí ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wọ rélùwéè lọ sí Kánò. Kò tíì pẹ́ tí a gba òmìnira nígbà náà. Tíṣà ni mí ní Òkukù, mo ní ọkọ̀ àlòkù kékeré kan, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Fítà náà tú ife gíláàsì kékeré tí asẹ́ epo wà nínú rẹ̀, ó gbé e sókè sí oòrùn. Ìpáàrà pupa ti sùn sí ìdí rẹ̀ bíi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ẹmu.

“Tíṣà, asẹ́ yìí ti ń dí. Ẹ jẹ́ n pààrọ̀ ẹ̀. Bí ẹ bá dúró dìgbà tó máa dí pátá, ọjọ́ tí ẹ nílò ọkọ̀ jù ló máa kú o.”

“Orí òkè nìkan ló ti ń wúkọ́, ọ̀gá. Tó bá wúkọ́ lórí ilẹ̀ títẹ́jú, màá mú un wá.”

Ó kàn fọ asẹ́ náà, ó dá a padà.

Ọkàn mi kò balẹ̀ rárá ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ti jà. Àwọn ló tọ́ mi lẹ́yìn tí ìyá wa kú. Nígbà tí wọ́n wá ní àwọn fẹ́ lọ bá ọkọ àwọn lókè Ọya, inú bí mi débi pé mo ní bí wọ́n bá lọ, kí wọ́n má padà sílé bàbá wa mọ́. Bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe bọ́ lẹ́nu mi ni mo ti ń kábàámọ̀ rẹ̀. Síbẹ̀, n kò lọ bẹ̀ wọ́n. Mo kàn ránṣẹ́ sí wọn nílé bàbá wa ní Ìkìrun pé èmi ni n ó fi ọkọ̀ gbé wọn láti ilé lọ sí ìdíkọ̀ rélùwéè. Mo ní n ó tọrọ àforíjì lọ́jọ́ náà. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta, ọkọ̀ wúkọ́ lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Mo ní afẹ́fẹ́ lásán ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo kúrò ní Òkukù, mo kọjá Inisa wọ́ọ́rọ́wọ́. N kò tíì rìn jìnnà sí ìlú náà tí ẹ́ńjìnnì fi wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, tó sì dákẹ́. Mo ṣí iwájú ọkọ̀, mo tú ife gíláàsì náà, mo da ìdọ̀tí inú rẹ̀ nù, mo fẹnu fẹ́ asẹ́ náà. Ọkọ̀ dáhùn, ó rìn díẹ̀, ó tún kú. Mo tún fẹ́ ẹ títí epo fi kún mi lẹ́nu. Mò ń wo aago, mò ń wo ọ̀nà, mò ń rìn yí ọkọ̀ po bí ẹni tí wọ́n so mọ́ ọn. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni mò ń tú u lọ́wọ́ tí mo gbọ́ fèrè rélùwéè láti apá Ìkìrun. Kò pẹ́ tó fi gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Ojú fèrèsé kún fún orí èèyàn, n kò rí ti ẹ̀gbọ́n mi níbẹ̀.

Ìgbà yẹn ni mo yọ asẹ́ náà kúrò pátápátá, tí mo jù ú sínú igbó. Mo mọ̀ pé ìdọ̀tí lè ba ẹ́ńjìnnì jẹ́, ṣùgbọ́n epo á ráyè kọjá. Mo yí orí ọkọ̀ padà sí Òkukù, mo sì tẹ̀ ẹ́ bí aṣiwèrè.

Orí ló bá mi ṣe é: rélùwéè náà dúró ní Òkukù, ó ń retí èkejì rẹ̀ tó ń ti Ọ̀fà bọ̀, torí ojú irin kan ṣoṣo ló wà. Mo sáré láti fèrèsé dé fèrèsé títí mo fi rí wọn.

“Mo jókòó lórí ẹrù lẹ́nu ọ̀nà títí ẹsẹ̀ mi fi kú,” ni wọ́n wí. “Mo ní o ò wá mọ́ nìyẹn, ni mo bá wá ẹni tó bá mi ru ẹrù lọ sí ìdíkọ̀.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ tí mo sọ, mo kó o jẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ilé yín ni.”

Wọ́n na ọwọ́ jáde, wọ́n fi etí ìborùn wọn nu ẹnu mi bí wọ́n ti ń ṣe nígbà tí mo wà ní kékeré.

“Kí lo mu tó ń rùn báyìí?”

Kí n tó ṣàlàyé, rélùwéè ti gbéra. A kàn ń wo ara wa títí wọ́n fi lọ.

Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí wọ́n tó padà wálé. A rẹ́, ṣùgbọ́n wọn kò gbàgbé ìjókòó ẹnu ọ̀nà yẹn, èmi náà kò gbàgbé. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń pe ara mi ní onísùúrù, ẹni tí kì í kánjú pààrọ̀ nǹkan. Ọjọ́ yẹn ló yé mi pé kì í ṣe sùúrù. Mo kàn ń sá fún àtigbà pé nǹkan ti bàjẹ́ ni, ẹlòmíràn ló sì ń jókòó jìyà rẹ̀.