Aṣọ Tó Bo Ọwọ́ Bàbá Mi

Ọwọ́ ló kọ́kọ́ da bàbá mi. Láti kékeré mi ni wọ́n ti ń bá àwọn ìjòyè jókòó láàfin Ayébòdé, àmọ́ nígbà tí a wọ ẹgbẹ̀rún ọdún tuntun, ọwọ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, wọn ò sì lè ká apá agbádá sí èjìká mọ́. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé bí àwọn ará ààfin bá rí i, wọn á ní kí ẹlòmíràn máa jókòó dípò wọn. Èmi ni mò ń wẹ̀ wọ́n, tí mò ń wọṣọ fún wọn, lẹ́yìn tí mo bá ti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ tán n'Ífàkì, tí ọ̀kadà ti jù mí sókè-sódò délé. Kí n má purọ́, ó sú mi.

Nídìí òkìríkà n'Ífàkì ni mo ti rí aṣọ náà: síliìkì àtijọ́ láti Ṣáínà, aláwọ̀ aró. Wọ́n fi òwú wúrà kọ iṣẹ́ ẹranko kan bí ejò tó lẹ́sẹ̀ sí i láyà. Ẹni tó ń tà á ní aṣọ ará ààfin wọn lọ́hùn-ún ni. Ẹnu ọlọ́jà nìyẹn, mi ò bá a jiyàn. Apá rẹ̀ ni mò ń wò ní tèmi. Ó gùn kọjá ọmọ ìka, ó sì fúyẹ́.

Àbúrò mi ọkùnrin, tí kì í pa ìsọjí kankan jẹ, ní dírágónì inú Ìfihàn nìyẹn, kò gbọdọ̀ wọlé. Mo ní kó wá máa wẹ bàbá, kí èmi àti dírágónì mi lè wábi gbà.

Lọ́jọ́ ìpàdé, mo wọ aṣọ náà fún bàbá mi, mo sì sìn wọ́n lọ sí ààfin. Àwọn ìjòyè ń fọwọ́ pa aṣọ náà wò, Kábíyèsí fúnra wọn ń yìn ín. Mo rò pé a ti mú un jẹ. Ìgbà tó yá, wọ́n gbé obì kiri, ó kan bàbá mi. Mo nawọ́ láti bá wọn gbà á, bàbá mi fi ìgbọ̀nwọ́ tì mí sẹ́yìn. Wọ́n fa apá aṣọ náà sókè, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì síta, wọ́n gba obì lójú gbogbo ènìyàn. Ó ń gbọ̀n títí obì fi jábọ́.

Wọ́n ní, "Kábíyèsí, uṣẹ́ aṣọ yìí ni kó bo ọwọ́ mi. Ó ti rẹ̀ mí."

Kábíyèsí wá ní kí ìjòyè tó jókòó tì wọ́n bu obì sí wọn lẹ́nu, kí ìpàdé máa lọ.

Mo kúnlẹ̀ lẹ́yìn àga bàbá mi, mo bú sẹ́kún níwájú àwọn àgbà. Ó ti rẹ èmi náà, mi ò kàn rí ẹni sọ fún ni. Kò sẹ́ni tó ní kí n dákẹ́.