Lẹ́tà N Lórí Òkúta Bàbá Mi

Òórùn òkúta tútù ni mo fi ń rántí ìsọ̀ agbẹ́kùúta ní Kokomlemle. Ẹ̀rọ ń gé mábù, omi ń ṣàn lé e lórí, ẹrọ̀fọ̀ funfun sì ń ta sí mi láṣọ. Ọjọ́bọ̀ ni, Sátidé la fẹ́ gbé òkúta náà sórí sàréè bàbá mi. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ̀rọ̀ tó máa wà lórí rẹ̀ fún agbẹ́kùúta, gàdàgbà-gàdàgbà: REQUIESCAT IN PACE. Ohun tí mo bá níbẹ̀ ni REQUIESCANT. Kì í ṣe pé ó fi N kún un láìgbàṣẹ nìkan o. N ọ̀hún kéré ju àwọn yòókù lọ, ó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì há sáàárín A àti T bí èrò tó fipá wọ ọkọ̀ trotro tó ti kún.

Ìwọ tí a jọ jókòó ní kíláàsì Látìn ní yunifásítì, o mọ̀ pé èmi kì í fi irú rẹ̀ ṣeré. Quies ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Esc tó wà láàárín ń sọ pé nǹkan ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí oorun ń gbéni lọ. Re iwájú ń dá a padà sí ààyè rẹ̀. Ẹni tó ti ṣe làálàá wá ń rọlẹ̀ padà. Requiescit, ó ń sinmi. Requiescat, kí ó sinmi. Requiescant, kí wọ́n sinmi: òkú méjì, ó kéré tán. Ẹnì kan ṣoṣo la sì sin síbẹ̀!

"Ta ló ní kí o fi N sí i?"

"Madam, mepa wo kyɛw," agbẹ́kùúta ń bẹ̀ mí, "ìyá Alata tó ń tajà ní Tudu ló wá. Ó ní ẹ̀yin lẹ kọ́ òun."

Òótọ́ ni. Àbúrò bàbá mi obìnrin ló ń wí; Alata ni àwọn ará ìlú yìí ń pe àwa Yorùbá. Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, wọ́n bi mí ní ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà nínú ṣọ́ọ̀bù wọn, mo sì tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀ láàárín páálí mílíìkì: T nìkan jẹ́ ẹnì kan, NT jẹ́ ọ̀pọ̀. Wọ́n kàn ń to páálí wọn lọ. Mo rò pé kò yé wọn ni.

Mo ní kí agbẹ́kùúta gbé òkúta mìíràn sórí ẹ̀rọ, mo sì kọjú sí Tudu.

"Ọmọwé, kí ló dé tí o ń mí hẹlẹhẹlẹ?"

"Àǹtí, ẹ ti ba òkúta bàbá mi jẹ́. Ẹnì kan ni wọ́n, wọn kì í ṣe méjì!"

"O gbọ́ ẹnu ara ẹ? 'Ẹnì kan ni wọ́n.' Tí o bá ń sọ Yorùbá, 'wọ́n' ni bàbá ẹ. O dé ọ̀dọ̀ òyìnbó, o wá sọ wọ́n di 'kí ó sinmi'. Ṣé ẹgbẹ́ ẹ ni?"

"Látìn kì í fi ọ̀pọ̀ bọ̀wọ̀ fún ẹnì kan."

"Kí ó yáa kọ́ ọ."

Obìnrin tó ń ra ṣúgà bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ohùn Àǹtí ti rọlẹ̀. "Láti kékeré," wọ́n ní, "mi ò pe ẹ̀gbọ́n mi ní 'ìwọ' rí. Ṣé ìgbà tí wọ́n kú tán ni kí n wá bẹ̀rẹ̀?"

Nínú trotro tó gbé mi padà, mo ń tún gbogbo ohun tí mo sọ rò. Ohun tó sì dùn mí jù ni pé, nínú gbogbo ìbínú yẹn, mi ò pe bàbá mi ní "ó" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Òkúta tuntun ti wà lórí ẹ̀rọ. "Fi N sí i," mo ní. "Ṣùgbọ́n kó ga bí ẹgbẹ́ rẹ̀, kó dúró gangan, kó sì jinlẹ̀. Mi ò gba èyí tó fì."

Ní Sátidé, àlùfáà wo òkúta, ó wo mí. "Àwọn mélòó lẹ sin síbí?"

"Ẹnì kan ni wọ́n, Fada. Àgbà ni wọ́n."

Àṣìṣe ni. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ ọ́ fún mi lọ́la, màá fa ìlà pupa sábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Látìn ń ka iye ẹni tó wà nínú sàréè ni. Èdè wa ń bèèrè irú ẹni tí wọ́n jẹ́. Mo mọ èyí tó yẹ kó dúró lórí bàbá mi. Èmi fúnra mi ni mo ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ jinlẹ̀, débi tí òjò ò fi ní lè pa á rẹ́.