Aṣọ Ọmọ Lórí Okùn

Mo rántí ìgbà tí mo máa ń fi etí ìró di ẹnu kí n tó rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá mọ̀ mí dáadáa yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn, nítorí ẹ̀rín mi kì í ṣe ẹ̀rín ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Nígbà tí mo wà nílé ìwé, tíṣà wa kan máa ń sọ pé bí mo bá rẹ́rìn-ín ní Ayétòrò, kí wọ́n lọ béèrè ní Ìláròó bóyá wọ́n gbọ́. Ọkọ mi náà ní ẹ̀rín yẹn ni òun kọ́kọ́ gbọ́ kí òun tó rí ojú mi, àti pé ká ní òun mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí lójoojúmọ́, òun ì bá ti di etí. Ṣùgbọ́n lọ́dún tí mo bí ọmọ mi, ọmọ tí a ti wá títí tí àwọn ará àdúgbò kò fi béèrè mọ́, ọdún tó yẹ kí n rẹ́rìn-ín títí tí páànù orí ilé yóò fi mì, ọdún náà gan-an ni mo ń fi aṣọ di ẹnu nínú ilé ara mi.

Ohun tó fà á ni pé ẹnì kan ń gbé ní yàrá ẹ̀yìnkùlé wa. Obìnrin kan tó kéré sí mi lọ́jọ́ orí ni, láti abúlé oko kan tó kọjá Ẹ̀gùá. Àwọn kan ti ya wọ oko wọn, wọ́n jó ilé, wọ́n jó abà tí wọ́n kó àgbàdo sí. Ẹni orí yọ ló dilé. Ọmọ kékeré kan wà lẹ́yìn rẹ̀ nígbà tó sá wọ igbó. Ibà mú ọmọ náà nínú igbó, kò sì sí oògùn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n tó jáde sí títì, ọmọ náà ti kú. Ọkọ rẹ̀ sọdá bodè lọ sọ́dọ̀ ẹbí rẹ̀ ní apá Kétu láti wá ilẹ̀ tí wọn yóò máa fi dáko, ó sì ní kí ìyàwó òun dúró ní Ayétòrò títí ọ̀nà yóò fi rọ̀, nítorí lásìkò yẹn kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé ẹni tó gba ọ̀nà bodè yóò débi tó ń lọ.

Ìyá ọkọ mi ló mú un wálé. Ọwọ́ àwọn ará abúlé obìnrin náà ni màmá ti máa ń ra ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fi ń din gàrí, nígbà tí wọ́n sì gbọ́ pé àwọn ará abúlé náà ń sùn nínú kíláàsì ilé ìwé kan nígboro, màmá lọ wò wọ́n, wọ́n sì mú èyí tí wọ́n mọ̀ jù padà wá. Oyún mi ti wọ oṣù rẹ̀ nígbà náà. Obìnrin náà ń pè mí ní Ẹ̀gbọ́n, èmi náà sì ń pè é ní àbúrò mi. A jọ ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́yìnkùlé, ó sì máa ń gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ mi tó bá ti rí i pé ẹ̀yìn ń dùn mí. Lọ́jọ́ kan, ọkọ mi tú gbogbo ilé nítorí fìlà tó wà lórí rẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún un níbi tí fìlà wà, àbúrò mi bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí tí ọ̀bẹ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yẹ kí ọjọ́ yẹn kọ́ mi lọ́gbọ́n, ṣùgbọ́n mi ò kọ́ nǹkan kan níbẹ̀.

Mo bímọ, inú mi sì dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rù fi bà mí. Bí mo bá ń wo ọmọ náà níbi tó ti ń sùn, ayọ̀ á gbé mi, lẹ́yìn náà ni ojú á tì mí. Mo máa ń ronú pé ẹnì kan wà lẹ́yìn ògiri yìí tí ọmú tirẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ. Ọkọ mi máa ń tan rédíò láàárọ̀, wọ́n á sì máa ka ìròyìn ìlú tí wọ́n tún jó àti àwọn tí kò rí oúnjẹ jẹ, ọmọ mi á sì máa mu ọmú lórí ẹsẹ̀ mi bí ẹni pé kò sí nǹkan kan nínú ayé yìí tó burú. Ó wá ń ṣe mí bí ẹni tó ń jẹun níwájú ẹni tí ebi ń pa. Mo pinnu pé tí mi ò bá lè mú ìbànújẹ́ àbúrò mi kúrò, ó kéré tán mi ò ní jẹ́ kó rí ayọ̀ mi. Mo tún yin ara mi fún ìpinnu yẹn. Mo rò pé mo ní àánú ju gbogbo ará Ayétòrò lọ.

Nígbà tí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ kù sí dẹ̀dẹ̀, mo sọ fún ìyá ọkọ mi pé kí wọ́n má pe àbúrò mi síbẹ̀, kí wọ́n jẹ́ kó sinmi ní yàrá rẹ̀.

Ìyá ọkọ mi gbé orí sókè. Wọ́n ní, “Ojú mẹ́rin ló ń bímọ, igba ojú ló ń wò ó. Ojú ta lo wá fẹ́ yọ kúrò níbẹ̀?”

Mo ní, “Màmá, àánú rẹ̀ ló ń ṣe mí. Báwo ló ṣe máa jókòó kó máa wo ọmọ ọlọ́mọ?”

“Ṣé ó sọ fún ẹ pé òun ò fẹ́ wò ó ni?” Ṣùgbọ́n wọn kì í bá ìyá ìkókó jiyàn, wọ́n sì jẹ́ kó rí bí mo ṣe fẹ́.

Wọ́n gbé oyin, iyọ̀ àti orógbó jáde lọ́jọ́ náà, wọ́n gbé abọ́ omi sílẹ̀, gbogbo ẹni tó wá ń ju owó sínú omi, wọ́n ń sọ ọmọ lórúkọ. Aládùúgbò tó ń bá wa jà nítorí ewúrẹ́ pàápàá sọ ọ́ lórúkọ. Mo bu ìrẹsì, mo fi ẹran lé e, mo dé e, mo ní kí wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tó yá, abọ́ náà padà wá, àbúrò mi ti fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní.

Láti ìgbà náà ni mo ti di olè ayọ̀ nínú ilé mi. Bí mo bá ń fún ọmọ lọ́mú tí mo gbọ́ ẹsẹ̀ àbúrò mi, mo máa ń kọ ẹ̀yìn sí i, mo sì máa ń fi aṣọ bo ọmọ. Bí mo bá ń kọrin fún ọmọ tó bá yọ, orin á dáwọ́ dúró. Ó ń wò mí. Bójú bá rí, ẹnu a dákẹ́. Èmi ń rò pé ó mọ oore tí mo ń ṣe é.

Okùn kan ṣoṣo tí a fi ń sá aṣọ wà níwájú ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀, orí rẹ̀ ni a ń sá aṣọ ọmọ sí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan mo yọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo rí àbúrò mi tó dúró ti okùn náà, tó fi ìka méjì di apá ẹ̀wù ọmọ kékeré kan mú. Bó ṣe gbọ́ ẹsẹ̀ mi, ó jọ̀wọ́ rẹ̀, ó wọlé. Omi bọ́ lójú mi. Mo ní ìyà yìí ti pọ̀ jù, ẹni tó ṣí ilẹ̀kùn láàárọ̀ tó jẹ́ pé aṣọ ọmọ ni yóò kọ́kọ́ rí. Ní ọjọ́ kejì, mo ní kí ọkọ mi so okùn tuntun síwájú ilé, èmi fúnra mi ni mo sì kó gbogbo aṣọ ọmọ kúrò lẹ́yìnkùlé, mi ò ṣẹ́ ìbọ̀sẹ̀ kan kù.

Ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n gún ọmọ lábẹ́rẹ́ àjẹsára. Ara rẹ̀ gbóná bó ṣe sábà máa ń rí, ó sì sunkún títí di ìrọ̀lẹ́. Àbúrò mi wá sí ẹnu ọ̀nà pálọ̀, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n bá yín pọ̀n ọ́n díẹ̀.” Mo fa ọmọ mọ́ àyà, mo ní, “Má ṣèyọnu, àbúrò mi, lọ sinmi.” Ó wo okùn tuntun tó wà níwájú ilé, ó wò mí, ó ní ó dáa.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá ọkọ mi wọlé wá bá mi. Wọ́n ní, “Àbúrò rẹ ti lọ. Ó gbá yàrá, ó fọ aṣọ ìbora. Ó ní kí ara ọmọ tètè yá, pé òun ti kó ojú òun kúrò nílé.”

Ìgbà yẹn ni gbogbo rẹ̀ yé mi. Ta ni kò mọ ohun tó túmọ̀ sí ní ilẹ̀ wa, kí ìyá ìkókó máa bo ọmọ mọ́lẹ̀ lójú ẹnì kan, kó tún wá kó aṣọ ọmọ sá fún un lọ́jọ́ tí ara ọmọ gbóná? Bí mo bá tilẹ̀ pè é ní àjẹ́ láàárín ọjà, kò lè yé e ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó sì ti mú ọ̀nà bodè pọ̀n, ọ̀nà tí ọkọ rẹ̀ ní kó má tíì gbà.

Mo pọn ọmọ, mo gun ọ̀kadà lọ sí gáréèjì tí wọ́n ti ń wọ mọ́tò Ẹ̀gùá lọ sí bodè. Mọ́tò náà kò tíì kún. Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó gbé àpò rẹ̀ lé ẹsẹ̀.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ń gbé ọmọ tí ara ẹ̀ ò yá wá sínú eruku fún?”

“Àbúrò mi, nítorí Ọlọ́run, sọ̀ kalẹ̀. Mi ò fura sí ẹ rí. Àánú rẹ ló ń ṣe mí, mi ò fẹ́ kí o máa rí ohun tó máa dùn ẹ́.”

“Ẹ ò bi mí bóyá ó ń dùn mí.” Ohùn rẹ̀ kò le rárá. “Lọ́jọ́ tí ẹ sọmọ lórúkọ, mo wẹ̀, mo wọṣọ, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mò ń retí kí wọ́n wá pè mí. Mo ti mú orúkọ tí mo máa sọ ọ́ dání. Ìrẹsì lẹ gbé wá.”

Mo tú ọ̀já, mo gbé ọmọ lé e lọ́wọ́. Ó fi imú kan orí ọmọ náà, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó gbé ojú sókè. Mo ní, “Orúkọ wo lo mú dání?”

Kó tó dáhùn, mo rántí lójijì pé fún gbogbo ìgbà tó fi gbé lọ́dọ̀ wa, mi ò béèrè orúkọ ọmọ rẹ̀ tó kú rí. Ẹ̀rù bà mí pé orúkọ yẹn ló fẹ́ sọ ọmọ tèmi. Kí n tó mọ̀, mo ti na ọwọ́ sí ọmọ mi láti gbà á. Ojú lọ̀rọ̀ wà, ó sì rí ojú mi. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi orúkọ Ọlọ́run sọ pé mi ò fura sí i rí.

Ó gbé ọmọ náà padà fún mi. Ó ní, “Ayọ̀délé. Ẹ máa pè é bẹ́ẹ̀ tó bá ń sunkún.” Mọ́tò ti kún, dírẹ́bà sì ṣáná sí i. Àbúrò mi juwọ́ sí wa lójú fèrèsé, wọ́n sì lọ.

Ọlọ́run ṣe é, ó dé ọ̀dọ̀ ọkọ rẹ̀ ní àlàáfíà. Ó máa ń fi ẹ̀wà ránṣẹ́ sí ìyá ọkọ mi lásìkò ìkórè, á ní kí wọ́n bá òun kí Ayọ̀délé. Mo gbọ́ pé ó ti bí ọmọ mìíràn níbẹ̀. Wọn ò pè mí síbi ìsọmọlórúkọ, mi ò sì ní ẹnu tí mo lè fi ráhùn. Rédíò ọkọ mi kò tíì dákẹ́ ìròyìn burúkú, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọdún tí ẹnì kan kì í sá wọ ìlú wa láti oko. Mi ò fi aṣọ di ẹnu mọ́. Bí mo bá rẹ́rìn-ín tí ojú sì fẹ́ tì mí, mo máa ń pe ẹni tó wà nítòsí pé kó wá gbọ́ ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín. Okùn aṣọ wa ti padà sí ẹ̀yìnkùlé.

Ọmọ náà ti ń lọ sílé ìwé báyìí. Mi ò mọ̀ títí dòní bóyá Ayọ̀délé ni ọmọ tó kú nínú igbó ń jẹ́, nítorí ojú ń tì mí láti ránṣẹ́ béèrè. Lọ́jọ́ yẹn ní gáréèjì, bí mọ́tò ṣe ń lọ, mo fa ọmọ mi mọ́ra, mò ń gbàdúrà pé kó má jẹ́ orúkọ ọmọ àbúrò mi. Ní báyìí, bí mo bá dúró lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ tí mo pe Ayọ̀délé tí gbogbo àdúgbò gbọ́, tó sì dá mi lóhùn, ohun tí mò ń bẹ Ọlọ́run ni pé kó jẹ́ orúkọ ọmọ rẹ̀.