Òróró Tí Mo Dà Sínú Bisikíìtì Halloween

Òórùn tùràrí ni mo fi ń rántí ọ̀sán ọjọ́ Halloween yẹn, òórùn tí kò yẹ kó bá bisikíìtì jáde nínú oven rárá. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ọmọbìnrin mi nígbà náà. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kó kúrò ní Aylesbury wá sí Peckham ní London ni, kò sì mọ ẹnì kankan níléèwé tuntun tí mo fi í sí. Odindi oṣù kan ló fi ń dá jókòó jẹun ọ̀sán. Nígbà tí ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan wá pè é sí àríyá Halloween nílé wọn, tí wọ́n ní kí kálukú mú ohun jíjẹ tó ń dẹ́rù bani dání, kò tíì bọ́ báàgì lẹ́yìn tó fi ń sọ ọ́: 'Mummy, wọ́n invite mi. Mo ti sọ fún wọn pé ẹ máa ṣe bisikíìtì.' Ta ló máa wo ojú ọmọ yẹn kó ní rárá?

Àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí. Màmá tó ń darí ẹgbẹ́ àdúrà wa ní ṣọ́ọ̀ṣì ti kìlọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù pé ilé tó bá bá wọn ṣe ọjọ́ yẹn ti ṣílẹ̀kùn fún èṣù, pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Èmi náà rèé, ọmọ ẹgbẹ́ àdúrà, mo dúró ní kíṣìnì, mo fẹ́ fi ìyẹ̀fun ṣe iwin. Nígbà tí ọmọ mi lọ fọ ọwọ́, mo mú ìgò òróró àdúrà tí mo rà lọ́jà Rye Lane kúrò lórí fíríìjì, mo pajú dé, mo ń gbàdúrà, mo sì ń dà á sínú ìyẹ̀fun náà. Èrò ọgbọ́n mi ni pé bí èṣù kankan bá fẹ́ wọ inú bisikíìtì yẹn, òróró á lé e kí ọmọ ọlọ́mọ tó gé e jẹ.

A gé ìyẹ̀fun náà sí iwin, àdán àti agbárí òkú. Bí oven ṣe gbóná ni gbogbo ilé ń ta sánsán. Ọmọ mi ní, 'Mummy, ó ń smell bíi church.' Mo ní ata ariwo tuntun ni. Ó wò mí. Ó mú ṣúgà funfun tí mo pò, ó ń fi kun àwọn iwin lára, ó sì ń fi ṣokoléètì tó ti yọ́ ṣe ojú fún wọn.

Mo mú un dé ẹnu ọ̀nà ilé àríyá náà ní aago mẹ́ta, mo padà sílé. Ìgbà tí mo ń nu orí tábìlì ni mo gbé ìgò òróró yẹn, tí mo ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí mo ti ń rà á. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé lọ́fínńdà wà nínú rẹ̀, pé fún fífi pa ara ni, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jẹ ẹ́.

 Mo pe fóònù ìyá ọmọ tó ń ṣe àríyá, kò gbé e. Bí mo ṣe wọ sílípáàsì nìyẹn, mo ń sáré ní Rye Lane, mo ń fi èjìká gbá àwọn ènìyàn, n kò ráyè bẹ̀ wọ́n. Ọmọ ọlọ́mọ ni mo ń rò. Mo ń rò ó bí inú ṣe máa máa run wọ́n, bí ambulance ṣe máa dé, bí àwọn social ìjọba ṣe máa wá gba ọmọ lọ́wọ́ mi. Bí Ọlọ́run bá sì yọ wá nínú gbogbo ìyẹn, ta ló tún máa pe ọmọ mi síbi kankan?

Obìnrin òyìnbó tó ṣílẹ̀kùn fún mi, ìyá ọmọ tó ń ṣe àríyá, ti fi ọ̀dà ya okùn aláǹtakùn sójú. Ó ń rẹ́rìn-ín. Kí n tó lanu, mo rí bisikíìtì wa lójú fèrèsé, wọ́n tò wọ́n kalẹ̀, àwọn ọmọdé sì tò síwájú rẹ̀, wọ́n ń gbóòórùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní ọmọ mi ló sọ pé ọ̀ṣọ́ ni, kì í ṣe jíjẹ, pé ẹni tó bá jẹ ẹ́, iwin á máa tẹ̀ lé e títí di Kérésìmesì. Mo kà wọ́n. Méjìdínlógún tí mo dì fún un ló pé síbẹ̀.

Mo fara ti ògiri, omi bọ́ lójú mi. Ọmọ mi wá bá mi, àwọn ọmọbìnrin méjì ń fà á lápá kó máa bọ̀. Ó sọ ọ́ sí mi létí pé, 'Mummy, mo rí yín. Mo ti ka ara ìgò yẹn tipẹ́.'

Mo ní, 'Kí ló dé tó ò sọ fún mi?'

'Ẹ ń gbàdúrà,' ló dá mi lóhùn, wọ́n sì fà á lọ.

Ọmọ yẹn ti wà ní yunifásítì ní New Cross báyìí, àwọn ọmọbìnrin méjèèjì yẹn ṣì ń wá kí i nílé. Mo máa ń rántí pé mo ti rò pé èmi ni mò ń ṣọ́ ọ. Kò sí ọjọ́ Àìkú tó bá wálé tí mi ò ní mú òróró lórí fíríìjì láti fi pa á níwájú orí kó tó máa lọ, kò sì kọ̀ fún mi rí. Àmọ́ á kọ́kọ́ na ọwọ́, á gba ìgò náà, á kà á. Mo máa ń dúró kó kà á tán.