Ewé Ẹ̀gẹ́ Tútù tí Mo Fún Adìẹ Ìyá Àgbà

Ọjọ́ Sátidé tí mo fún àwọn adìẹ ìyá àgbà ní ewé ẹ̀gẹ́ tútù ni ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé láyé mi.

Nílé wa ní Ẹdẹ, ìyá àgbà máa ń fún adìẹ ní tẹ̀tẹ̀ àti gbúre ní tútù. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ewé ẹ̀gẹ́, wọ́n á kọ́kọ́ sá a sóòrùn títí yóò fi gbẹ. Èmi rò pé àṣejù ni.

Lọ́jọ́ náà, ìyá àgbà ń lọ kí àbúrò wọn ní Sekona.

“Rékíà, já tẹ̀tẹ̀ fáwọn adìẹ mi o,” ni wọ́n wí kí wọ́n tó gun ọ̀kadà.

Ìdí tẹ̀tẹ̀ jìnnà, ẹ̀gẹ́ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Ọ̀lẹ mú mi. Mo já ewé ẹ̀gẹ́, mo gé e wẹ́wẹ́, mo dà á fún wọn.

Kí n tó fọ abọ́ tán, gìrì ti mú wọn. Àgbébọ̀ pupa tí bàbá àgbà rà kí wọ́n tó di olóògbé ṣubú síwájú mi, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Nígbà tí ìyá àgbà fi dé, adìẹ márààrún ti kú. Kò sí èyí tó ṣeé dúńbú mọ́.

Ìyá àgbà rí ewé lẹ́nu àgbébọ̀ náà.

“Ṣé o sá a?”

Mo mi orí pé rárá.

“Ó dáa. Lọ gbẹ́ ilẹ̀.”

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, ìyá àgbà bu àgbàdo sọ́wọ́, wọ́n jáde sẹ́yìnkùlé bí ìṣe wọn. Wọ́n dúró díẹ̀. Wọ́n wá padà wọlé, wọ́n rọra da àgbàdo náà padà sínú agolo.

Ì bá sàn kí wọ́n nà mí.