Ojú màmá mi àti áàpù tó yí ọjọ́ padà

Inú ń bí mi gan-an.

Ilé ìwòsàn kan ní Ìjẹ̀bú-Òde fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé ọjọ́ kẹta oṣù keje, òní yìí, ni iṣẹ́ abẹ ojú màmá mi. A débẹ̀ láàárọ̀. Nọ́ọ̀sì wo ìwé.

"Màmá, ọjọ́ keje oṣù kẹta la retí yín, ẹ ò wá."

Mo ní kí wọ́n pe ẹni tó ṣe áàpù tí wọ́n fi ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́. Ó dé, ó ní:

"03/07 ló wà nínú dátábéèsì, ibi tí wọ́n ń tọ́jú ọjọ́ sí. Oṣù ló ṣáájú, mo kà á bí ọjọ́. Ẹ má bínú, àṣìṣe kékeré ni."

Dókítà ní nítorí bí oṣù mẹ́rin tó ti kọjá, ojú ọ̀tún ti lọ, ti òsì nìkan làwọn lè gbà là.

Èmi náà ń ṣe áàpù. Ìṣẹ́jú márùn-ún lèèyàn máa fi yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ọjọ́ tàbí oṣù ló ṣáájú.

Ká ní ìyá yín ni, kí lẹ máa sọ fún ẹni tó ṣe áàpù náà?